Ohun tí Sọ̀fíyàt Sọ Níwájú Àlejò

Bí o bá dé Ìwárọ̀-Ọ̀ka tí o ń wá ilé Sọ̀fíyàt, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú pé ò ń béèrè ọ̀nà. Dúró sójú kan, kí o tẹ́tí. Ẹ̀rọ ata ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ ohùn obìnrin kan tó borí ẹ̀rọ náà. Òun nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lọ ata àti ẹ̀wà fún àwọn èèyàn níwájú ilé ọkọ rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì ti sọ ohùn rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Tó bá ní òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ àṣírí, òdìkejì títì ni wọn yóò ti máa bá a dá sí i.

Ọmọ Afin ni, ìlú kan ní Àkókó níhìn-ín tó ní èdè tirẹ̀. Suleiman, awakọ̀ tó ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ló fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀ka. Èdè Afin ló bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, Yorùbá ló fi ń ṣòwò, àmọ́ bí inú bá bí i kọjá ààlà, Yorùbá kì í gbà á mọ́, á bọ́ sí èdè ilé wọn. Bí o bá ti gbọ́ ìyẹn, yáa gbé abọ́ ata rẹ kí o máa lọ. Ọkùnrin kan ta dísẹ̀lì tí omi wà nínú rẹ̀ fún un nígbà kan. Sọ̀fíyàt gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀, ó ní kó fi wẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá títí di òní.

Wọ́n ní obìnrin náà le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹnì kan wá tó lè sọ pé òun gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ náà ló ń jáde lẹ́nu. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ẹnu sọ ohun tí kò sí níkùn, ọjọ́ tí gbogbo ayé ní kó ṣe ọmọlúàbí ni, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fi mú un.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Ìléyá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Sọ̀fíyàt bí, Raliat lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó wọ aṣọ Ìléyá, ó fi tìróò sójú, ó ní dandan ni kí wọ́n mú òun lọ sí Ìkàrẹ́ lọ gun jangírọ́fà. Kafilat, àbúrò Suleiman, ló mú un lọ.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní Ìkàrẹ́ lọ́hùn-ún tí Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Olóyè Rufus ni alága ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ìlú ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dún. Wọ́n á gba owó lẹ́nu géètì, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, ó di inú ọgbà. Jangírọ́fà onírin ńlá kan ló wà láàrin ibẹ̀, àga mẹ́rin ló rọ̀ sára ọ̀pá kan, ṣéènì sì ni wọ́n fi so àwọn àga náà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá náà mú lápá kan ti já bọ́ ṣáájú ọdún. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi wáyà dì í. Wáyà, irú èyí tí ẹ fi ń so ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ. Wọ́n wá kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà pupa, ó ń dán, àwọn ọmọ sì tò sídìí rẹ̀.

Nígbà tó kan Raliat, wáyà náà já. Àga wólẹ̀, ọ̀pá irin tẹ̀ lé e, apá ọ̀tún ọmọ náà ló sì bà lé. Kafilat ní òun gbọ́ bí eegun náà ṣe ṣẹ́. Àwọn èrò gbé ọmọ dìde, Kafilat sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Sọ̀fíyàt máa fi ti Ọ̀ka dé ibẹ̀, ata ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fi nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ̀ pé ata ni. Wọ́n fi pí-ó-pì di apá ọmọ náà. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, pé ibi tí eegun náà ti ṣẹ́ kò dára.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń parí lọ, Olóyè Rufus ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Baba Ẹ̀taòkò ni wọ́n ránṣẹ́ sí, nítorí òun ni àgbà ilé àwọn Suleiman, kò sì sí ẹni tó ń já a níyàn nínú agboolé yẹn. Baba náà tọ Sọ̀fíyàt wá nídìí ẹ̀rọ. Ó dúró títí tó fi pa ẹ̀rọ náà.

"Ìyàwó, àlejò ń bọ̀ lọ́la," ó ní. "Èèyàn pàtàkì ni wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́, má sọ̀rọ̀ burúkú."

"Baba, ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ pa o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ aṣọ ńlá, tó wọ ọkọ̀, tó wá dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ, ṣé ẹni yẹn ò ti gbà pé òun jẹ̀bi? Kí lo tún ń wá? Ẹni tí wọ́n bá wá bẹ̀ nílé rẹ̀, ó ní bó ṣe ń dáhùn. O mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé wa ò kọ́ ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ baba náà bọ́gbọ́n mu lójú Sọ̀fíyàt. Ní gbogbo Àkókó níhìn-ín, láti Òkè-Àgbè dé Ikun, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́? Bí ó bá ti jẹ́wọ́, tìrẹ ni kí o fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó láṣìírí, kí ojú má tì í jù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní òun á gbìyànjú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé. Olóyè Rufus wọ agbádá, àgbà méjì bá a wá, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn sì gbé fóònù dání. Ó ní kí àwọn ya fídíò díẹ̀ fún ìrántí, kò sì sí ẹni tó kọ̀. Wọ́n gbé àpò iṣu kan sílẹ̀ pẹ̀lú jálá epo pupa. Olóyè Rufus bọ́ fìlà, ó ki orí mọ́lẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ kíá. Ó rọ ohùn, ohùn náà dùn débi pé Suleiman yíjú wò ó bóyá òun ni.

"Háà, ẹ dìde, ẹ̀yin baba mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Kí lẹ ṣe? Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ náà gan-an ló le, kì í gbọ́ràn, bí ọ̀bọ ló ṣe ń gun gbogbo nǹkan kiri. Òun ló fà á. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, ẹ ṣeun fún iṣu."

"Kò tó nǹkan, Ìyá Raliat," Olóyè Rufus fèsì. "Kò tó nǹkan rárá."

Baba Ẹ̀taòkò mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ìyàwó ti ṣe bí ìyàwó.

Ẹ má bú u o. Ta ni nínú yín tí kò sọ irú rẹ̀ rí? Tí tíṣà bá yin ọmọ yín pé ó mọ̀wé, ṣé ẹ kì í sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀lẹ ni"? Tí ọmọ aládùúgbò bá la ọmọ yín ní igi, tí ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ yín, ṣé kì í ṣe ọmọ tiyín lẹ máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi? Ẹnu lásán ni. Gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn ló mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Olóyè Rufus mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ̀. Orí ẹní ni Raliat wà ní yàrá, kọ́tìnnì ló wà láàrin òun àti àlejò, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rántí pé ó wà níbẹ̀.

Iṣu tán, epo tán, apá kò san. Nígbà tí wọ́n tú pí-ó-pì, apá náà ti wọ́, kò ṣeé nà. Ọmọ náà ò lè di bírò mú, kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún kó oúnjẹ sẹ́nu. Dókítà ní àfi kí wọ́n là á, kí wọ́n tún eegun náà tò. Suleiman mú ọ̀nà Ìkàrẹ́ pọ̀n lọ bá Olóyè Rufus. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tó ti tán ni, pé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kò ní sá fún owó ìtọ́jú. Olóyè Rufus ò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Bàbá Raliat, ṣé kì í ṣe ìyàwó yín ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ yín ló fà á? A ní fídíò rẹ̀. Ẹ bi í."

Suleiman délé, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Sọ̀fíyàt ò kọ́kọ́ lóye ohun tó ń wí. Nígbà tó yé e, ó jókòó sórí àpótí nídìí ẹ̀rọ, kò sì sọ Yorùbá kankan títí ilẹ̀ fi ṣú. Èdè Afin ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà yóò mọ̀ pé àwọn ará Afin lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti fi fídíò náà sí Wọ́sáàpù, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn Ọ̀ka, ó ti dé iléèwé. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ti ọgbà pa, wọ́n ní ọmọ kan ló ba jangírọ́fà jẹ́. Ẹ wo ọ̀dájú! Làwọn ọmọdé bá sọ Raliat lórúkọ, Abajangírọ́fàjẹ́. Bó bá ń kọjá lọ sí ilé kéwú, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin tẹ̀ lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sọ̀fíyàt gbọ́ orin náà níwájú ilé ara rẹ̀. Ó fò dìde, ó di ọmọ tó ń dá orin náà mú ní kọ́là. Ó ti fẹ́ fọ́ ọ létí nígbà tí Raliat dì mọ́ ìró rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, màámi. Òótọ́ ló ń sọ. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Sọ̀fíyàt wo ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì. Ọwọ́ Sọ̀fíyàt rọ sílẹ̀, ọmọ tó dì mú sá lọ. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ ò rí ibi gbà jáde. Wọ́n ti ba apá ọmọ jẹ́, wọ́n tún wá gbé ẹ̀bi lé e lórí, ọmọ náà sì ti gbà á bí ẹrù tirẹ̀! Ó ní Ọlọ́run ló gbọ́, ibi tí etí pọ̀ sí, níṣojú gbogbo èèyàn, ni wọn yóò ti sọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ òun, kí Raliat sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Apá, dókítà lè tún un ṣe. Èyí tó wọ inú yìí, dókítà wo ló fẹ́ là á?

Ó ní kóòtù ni òun ń lọ. Baba Ẹ̀taòkò gbọ́, ó ti ọ̀pá wá.

"Ìyàwó, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ o."

"Baba, ta ló ní mò ń wá ọ̀rẹ́?"

"Olóyè Rufus ń bọ̀ wá síbi ìnáwó wa. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

"Ẹ fi ojú tẹ́ ẹ fi ń wo apá Raliat wò ó."

Baba náà mí kanlẹ̀, ó yí padà lọ. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Suleiman ò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà lọ́yà.

Lọ́yà Success lorúkọ lọ́yà náà, ọmọbìnrin Ikun kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo apá Raliat dáadáa. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá ṣí ọgbà sílẹ̀ fún ọmọdé, tó gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà títí wọ́n á fi jáde. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, tó mọ̀, tí kò tì í pa, òun ló jẹ̀bi. Òfin kì í sọ pé ọmọdé le. Ibi ìṣeré ni wọ́n kọ́, ṣé kí ọmọ wá jókòó síbẹ̀ máa ka ìwé ni?

"Ẹ ò sọ nǹkan kan fún wọn tó lè kó bá wa ṣá?" ló wá bi Sọ̀fíyàt.

"Wọ́n ní mo sọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kí wọn ni."

Lọ́yà Success wò ó. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni òun náà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó yé mi, mà. Àdúrà wa ni kó yé adájọ́."

Ọjọ́ ẹjọ́ kò, kóòtù kún. Àwọn ará Ọ̀ka wá, àwọn Ìkàrẹ́ wá, àwọn tí ò ní iṣẹ́ ṣe náà wá. Raliat jókòó ti bàbá rẹ̀, ó gbé apá náà sórí itan. Obìnrin ni májísíréètì, ó ti dàgbà díẹ̀, gíláàsì wà lójú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

Hussain ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun ló ń ṣọ́ ọgbà fún Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe. Wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó tún ń bẹ̀rù. Ó ní òun rí nọ́ọ̀tì tó já bọ́. Ó ní òun lọ bá Olóyè Rufus nílé, òun ní kí wọ́n ti jangírọ́fà náà. Olóyè ní kí òun fi wáyà dì í ná, kí Ìléyá kọjá, nítorí ìgbà ọdún ni èrò ń wá. Ariwo sọ nínú kóòtù. Olóyè Rufus ń wo òrùlé.

Lọ́yà Adédayọ̀ ló ń gbẹjọ́ rò fún ẹgbẹ́. Nígbà tí Sọ̀fíyàt jẹ́rìí tán nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó dìde, ó tún kọ́là ṣe láti bi í léèrè. Ó tẹ fóònù. Ohùn dídùn yẹn jáde síta, "Ọmọ náà gan-an ló le, kì í gbọ́ràn… òun ló fà á."

"Ohùn ta nìyẹn, madam?"

"Ohùn mi ni."

"Ta ló ní ọmọ náà ló fà á?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fi ìbọn sí yín lórí?"

Ó yẹ kí ẹ rí ojú Adédayọ̀ bó ṣe ń bi í. Ó ń rẹ́rìn-ín! Ọmọ bíbí Àkókó, tí ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà, ló dúró síbẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Sọ̀fíyàt di etí àpótí náà mú. Lọ́yà Success mi orí sí i pé kó rọra. Rọra kẹ̀? Wọ́n ti ní kó rọra lẹ́ẹ̀kan, ibi tó gbé e dé nìyí.

"Olóyè Rufus!" Ohùn náà jáde bó ṣe máa ń jáde nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tòògbé lẹ́yìn jí. "Ẹ wojú mi! Nígbà tí mo dúpẹ́ iṣu lọ́wọ́ yín, kí lẹ wí?"

Májísíréètì fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Madam, lọ́yà ni kí o dá lóhùn."

"Òun náà ni mò ń dá lóhùn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣí fídíò náà síwájú."

Adédayọ̀ ò fẹ́ ṣí i. Májísíréètì ní kó ṣí i. Ohùn Olóyè Rufus jáde: "Kò tó nǹkan, Ìyá Raliat. Kò tó nǹkan rárá."

"Ẹ gbọ́ ọ?" Sọ̀fíyàt yíjú sí gbogbo kóòtù. "Àpò iṣu ló gbé sílẹ̀, ó ní kò tó nǹkan. Tí mo bá jáde lónìí tí mo ní Olóyè Rufus wá sílé mi lọ́wọ́ òfo, pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ò ní pè mí ní òpùrọ́? Tiyín, ẹnu lásán ni. Tèmi ló wá di ẹ̀rí! Ẹ wá bẹ̀ mí nílé mi, ẹ bọ́ fìlà, mo bò yín láṣìírí, ẹ fi aṣọ tí mo fi bò yín so mí lọ́rùn! Ṣé kí n bú yín ni? Ṣé kí n da epo yẹn sí yín lágbádá? Háà! Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti dà á!"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyàt ò rẹ́rìn-ín. Ó ti bọ́ sí èdè Afin, akọ̀wé kóòtù sì gbé bírò dúró, kò mọ ohun tí yóò kọ. Májísíréètì ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó bi Lọ́yà Adédayọ̀ bóyá ó ní ìbéèrè mìíràn. Adédayọ̀ ní òun ò ní.

Wọ́n sún ẹjọ́, wọ́n tún sún un. Nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ pé, èdè òyìnbó ni májísíréètì fi kà á, akọ̀wé kóòtù sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó ní ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé irin ti bàjẹ́, tó fi wáyà dì í, tó sì tún ń gbowó géètì, ló jẹ̀bi, ẹ̀bi wọn ò sì ṣeé pín. Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo ìnáwó ìtọ́jú apá náà, kí wọ́n sì sanwó ìyà tó jẹ ọmọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ìyá sọ fún àlejò tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ló jẹ̀bi, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ń dọ́gbọ́n ni. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé dé, ó yọ gíláàsì, ó wá Raliat rí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Yorùbá ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, o gbọ́? Ẹ̀bi rẹ kọ́."

Ariwo gba kóòtù. Kafilat ń sunkún. Suleiman di ọwọ́ Lọ́yà Success mú, kò jẹ́ kó lọ. Baba Ẹ̀taòkò, tó ní òun ò ní wá, wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń jáde pé ìyàwó ilé òun ni.

Sọ̀fíyàt fa ọmọ rẹ̀ jáde sí abẹ́ igi lọ́nà ìta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú. Ara rẹ̀ ń yá gágá.

"O gbọ́ ọ? O gbọ́ ohun tí adájọ́ sọ? Níṣojú gbogbo èèyàn! Kì í ṣe ìwọ!"

Raliat ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Adájọ́ ò mọ̀ mí," Raliat ní. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ní èmi ni mo fà á."

Ohùn kékeré kan ló jáde lẹ́nu Sọ̀fíyàt, ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò lè gbọ́ ọ.

"Ọ̀rọ̀ àlejò nìyẹn, ọmọ mi. A máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò ni. Kò tinú mi wá."

"Èmi kì í ṣe àlejò, màámi."

Sọ̀fíyàt fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Olóyè Rufus ló ti ń bá bínú láti ọjọ́ yìí wá, akọ̀wé ló ń bá bínú, lọ́yà ló ń bá bínú, àwọn ọmọ iléèwé ló fẹ́ fọ́ létí. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹnu tirẹ̀ ni Raliat ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Irọ́ ni mo pa," ó ní. "Mo pa irọ́ mọ́ ọ nítorí wọn. Ìwọ kọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ ìwọ. Dárí jì mí."

Baba Ẹ̀taòkò rí wọn, ó sáré bọ̀. "Ìyàwó, dìde! Kí nìyí? Ṣé a máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ẹni ni? Àwọn èèyàn ń wò ọ́!"

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Raliat wo bàbá àgbà, ó wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pariwo. Kò pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí irin já lé e, kò pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lórin.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ nígbà yẹn? Apá ń dùn mí! Apá ń dùn mí, ẹ sì ń sọ fún wọn pé èmi ni! Ẹ ní mo dà bí ọ̀bọ!"

Ó fi ọwọ́ òsì lu ìyá rẹ̀ léjìká. Ó tún lù ú. Baba Ẹ̀taòkò gbé ọ̀pá sókè láti jágbe mọ́ ọmọ náà, Suleiman sì dì í mú. Àwọn èrò tó ń jáde láti kóòtù dúró, Olóyè Rufus dúró nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Sọ̀fíyàt ò gbé ọwọ́ sókè, kò sì ní kó dákẹ́. Ó wà lórí orúnkún níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́. Máa bá mi bínú. Máa bínú, ọmọ mi."